Ẹfun omi nínú páìpù: bí ẹ ṣe lè yọ ọ́ láì ba páìpù jẹ́

Ẹ wo ìdí ẹnu ẹ̀rọ omi tó wà nínú ilé yín dáadáa. Bí ẹ bá rí ohun funfun kan tó le bí òkúta, tó yí ibi tí omi ń gbà jáde ká, tí èékánná kò lè ha kúrò, irú rẹ̀ kan náà ló wà nínú páìpù tí ojú yín kò tó. Orúkọ tí kálukú ń pè é kò dọ́gba. Ẹlòmíràn á ní iyọ̀ omi ni, ẹlòmíràn á ní ìdọ̀tí lásán ni. Ẹfun omi ni màá máa pè é níbí, nítorí pé ẹfun ló jẹ́ lóòótọ́: ohun tó wà nínú òkúta ẹfun ni omi gbé wá sínú ilé yín, tó sì kó o jọ síbẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé mo ti rí páìpù tó pọ̀ tó jẹ́ pé ẹfun kọ́ ló bà á jẹ́, ohun tí wọ́n dà sí i láti fi yọ ẹfun ni. Omi kò lọ mọ́, wọ́n wá kẹ́míkà tó le jù dà sí i. Kò lọ síbẹ̀, wọ́n tún da òmíràn lé e. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ agbára. Ó ń fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó dí páìpù kí ẹ tó da ohunkóhun sí i, kí ẹ sì fún ásíìdì tí kò le ní wákàtí tó pọ̀ tó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí ẹfun ṣe ń dé inú páìpù

Omi òjò kò ní ẹfun nínú. Bó ti ń gba ojú ọ̀run àti inú ilẹ̀ kọjá ló ń kó afẹ́fẹ́ carbon dioxide mọ́ra, ìyẹn sì ń sọ ọ́ di ásíìdì tí agbára rẹ̀ kò tó nǹkan. Agbára kékeré yẹn tó láti máa yọ́ òkúta ẹfun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Calcium àti magnesium inú òkúta náà á wá bá omi lọ. Omi ọ̀hún á mọ́ gaara nínú ife, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé òkúta wà nínú rẹ̀. Omi líle là ń pe irú omi bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti fi fọ aṣọ rí á mọ̀ ọ́n: ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, ó sì máa ń di èérí funfun tó ń léfòó lójú omi.

Nínú ilé, ohun tó ń mú kí ẹfun já sílẹ̀ ni kí carbon dioxide yẹn sá kúrò nínú omi, iná ló sì ń lé e jáde jù. Bí omi bá ṣe gbóná tó ni ṣúgà ṣe ń yọ́ sí. Ti ẹfun yàtọ̀, bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ló ń kọ̀ láti yọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú kẹ́tùrù, ara irin tó wà nínú híítà, àti páìpù omi gbígbóná ló ń kọ́kọ́ dí. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ibi tí omi ti ń gbẹ: ojú ṣáwà, ìdí ẹnu ẹ̀rọ, etí àwo ìgbọ̀nsẹ̀. Omi á fẹ́ lọ, òkúta á kù.

Àwọn tó ń díwọ̀n líle omi máa ń ka iye mìlígíráàmù ẹfun tó wà nínú lítà omi kan. Bí kò bá ju 60 lọ, omi náà rọ̀. Láti 61 dé 120, ó le díẹ̀. Láti 121 dé 180, ó le. Èyí tó bá ju 180 lọ, ó le gan-an. Ẹni tó ń mu ún kò ní ohun tó ń bà á lẹ́rù. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò tilẹ̀ fi ààlà kankan sí líle omi nítorí ìlera. Páìpù ló ń jìyà rẹ̀.

Ìyà náà sì ju bí ojú ti ń rí i lọ. Ẹ jẹ́ ká mú páìpù tí ihò rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 25. Bí ẹfun tó nípọn ní mìlímítà 3 péré bá lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ yíká, ihò tó kù di mìlímítà 19. Lójú, ó dà bíi pé ìdámẹ́rin ló lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣírò àyè tí omi ń gbà kọjá, ìdá 58 nínú 100 ló kù. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ojú ọ̀nà omi tí àwọn ará Róòmù fi òkúta kọ́ lọ sí ìlú Nîmes ní ilẹ̀ Faransé, ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, ẹfun lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ láwọn ibìkan títí ó fi nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ. Ẹ wá ro ohun tó máa ṣe fún páìpù ṣáwà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó dí i

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ. Páìpù tó ń gbé omi wọlé yàtọ̀ sí èyí tó ń gbé omi ìdọ̀tí jáde. Ẹfun tàbí ìpẹtà ló sábà máa ń dí tàkọ́kọ́. Ní ti èkejì, ọ̀rá, irun àti ọṣẹ ló máa ń kóra jọ níbẹ̀, tí ẹfun á wá so wọ́n pọ̀ bíi sìmẹ́ǹtì.

Fún omi tó ń wọlé, ẹ rìn yí ilé ká, kí ẹ ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni omi rẹ̀ kò lágbára, asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ yẹn ló dí, iṣẹ́ wákàtí kan ni. Bó bá jẹ́ omi gbígbóná nìkan ni kò lágbára ní gbogbo ilé, tí omi tútù ń já geere, híítà tàbí páìpù tó jáde lára rẹ̀ lẹ máa wò. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá lágbára, ẹ má tíì fẹ̀sùn kan ẹfun. Ẹ wò ó bóyá fáàfù tó ń ṣí omi sínú ilé kò ṣí tán, tàbí bóyá omi tó ń bọ̀ láti ìta ni kò lágbára.

Fún omi tó ń jáde, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ló máa sọ fún yín. Síǹkì tó ń lọ dáadáa lánàá tó sì dí pátápátá lónìí, nǹkan kan ló já sínú rẹ̀. Èyí tó ń fà díẹ̀ sí i lóṣooṣù, ọ̀rá tàbí ẹfun ni, tàbí méjèèjì.

Ẹ wá ṣe ìdánwò yìí. Ẹ ha díẹ̀ lára ohun tó lẹ̀ mọ́ ẹnu páìpù náà, kí ẹ fi omi ọṣẹ fọ ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ jù ú sínú ife kékeré tí fínígà wà. Bó bá ń yọ èéfòó wúyẹ́wúyẹ́ tó sì ń kéré sí i, ẹfun ni, ọ̀nà tó wà nísàlẹ̀ yìí á sì ràn yín lọ́wọ́. Bó bá dúró bẹ́ẹ̀ láìyọ èéfòó kankan, nǹkan mìíràn ni. Ẹ má fi ásíìdì ṣòfò sí i. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ tó sì ń fọ́ lọ́wọ́, ìpẹtà ni, páìpù irin yẹn fúnra rẹ̀ ló ń jẹ dànù.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

Fínígà funfun tó ní ìdá 5 ásíìdì nínú 100, tàbí citric acid oníyẹ̀fun, ìyẹn ásíìdì tó ń mú kí ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Èmi fẹ́ràn citric acid jù: kò ní òórùn, ó rọrùn láti wọ̀n, ó sì lágbára ju fínígà lọ. Ẹ tún nílò ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn dé apá, awò tó bo ojú yíká, garawa ike méjì, búrọ́ọ̀ṣì líle, sípánà, láílọ́ọ̀nù àti rọ́bà tí a fi ń so nǹkan, baking soda díẹ̀, àti wáyà gígùn tí àwọn oníṣẹ́ fi ń gún páìpù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ife fínígà kan kì í fi ṣe nǹkan kan fún páìpù tó ti dí. Láti yọ́ 100 gíráàmù ẹfun tán, ó máa gba fínígà tó tó lítà 2.4, tàbí nǹkan bí 130 gíráàmù citric acid. Ẹfun tó wà nínú páìpù kan lè ju 100 gíráàmù lọ dáadáa. Ásíìdì tí ẹ dà sí i á ti tán lágbára kó tó dé ìdajì iṣẹ́, ẹ̀yin á sì rò pé irọ́ ni ọ̀nà náà. Kì í ṣe irọ́. Kò tó ni. Ìgbà tí èéfòó bá dáwọ́ dúró tí ẹfun sì ṣì wà, ásíìdì náà ti kú nìyẹn, ẹ dà á nù kí ẹ bu tuntun.

Ìkìlọ̀ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fò

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ásíìdì pàdé blíìṣì. Fínígà o, citric acid o, omi tí wọ́n fi ń fọ àwo ìgbọ̀nsẹ̀ o, èyíkéyìí nínú wọn tó jẹ́ ásíìdì tó bá kan blíìṣì máa tú gáàsì chlorine jáde. Gáàsì yìí ni wọ́n tú sí àwọn ọmọ ogun ní Ypres, ní Belgium, ní oṣù kẹrin ọdún 1915. Nínú ilé ìwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kéré, kò nílò kó pọ̀ kó tó ṣe ẹ̀dọ̀fóró léṣe. Bí ẹ bá ti da blíìṣì sínú páìpù náà lónìí tàbí lánàá, ẹ fi omi púpọ̀ ṣan án, kí ẹ fi ásíìdì sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Bí òórùn kan bá ta yín nímú lójijì, ẹ má dúró wò ó. Ẹ jáde síta, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ bí ẹ ti ń lọ. Bí èémí kò bá já geere, ilé ìwòsàn ló kàn.

Kọ́sítíìkì sódà náà kò gbọ́dọ̀ pàdé ásíìdì. Ooru tí méjèèjì máa mú jáde lè mú kí omi inú páìpù hó kó sì ta sí yín lójú. Ẹ sì mọ̀ pé kọ́sítíìkì sódà kò ṣe ohunkóhun fún ẹfun. Ọ̀rá àti irun ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ má ṣe dí páìpù lójú méjèèjì nígbà tí ásíìdì wà nínú rẹ̀. 100 gíráàmù ẹfun tó bá yọ́ máa tú nǹkan bí lítà 24 gáàsì carbon dioxide jáde. Bí kò bá rí ọ̀nà gbà, yóò wá ọ̀nà, ìsopọ̀ páìpù tàbí ojú yín ló sì máa gbà.

Nígbà tí ẹ bá ń po ásíìdì, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bù, kí ẹ tó da ásíìdì sínú rẹ̀. Bó bá ta sí ara tàbí ojú, ẹ fi omi tó ń ṣàn wẹ̀ ẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán.

Ásíìdì kì í dá ẹfun mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tó jọ ẹfun. Òkúta mábù, ilẹ̀ tẹ̀ràsò àti sìmẹ́ǹtì àárín táìlì, gbogbo wọn ló máa jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni alumíníọ̀mù àti irin galvanised, tí wọ́n fi zinc bò. Hydrochloric acid máa ń jẹ irin tí kì í dípẹtà pàápàá, ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà pé kí ẹnikẹ́ni máa lò ó nínú ilé tó ń gbé. Páìpù ike, PVC, kò ka ásíìdì wọ̀nyí sí, ṣùgbọ́n omi híhó máa ń rọ̀ ọ́. Ẹ má da omi tó gbóná ju 60°C lọ sínú rẹ̀.

Ẹnu ẹ̀rọ àti ṣáwà

Èyí ló rọrùn jù.

1. Ẹ fi aṣọ dí ihò síǹkì kí nǹkan kéékèèké má bàa já sí i. Ẹ tú asẹ́ tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Bó bá ti lẹ̀, ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú fínígà wé e fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó tún gbìyànjú. Ẹ má fagbára yí i, idẹ máa ń ya.
2. Ẹ po gíráàmù 50 citric acid mọ́ lítà kan omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ rẹ asẹ́ náà sínú rẹ̀ títí èéfòó á fi dáwọ́ dúró.
3. Fún ṣáwà tí kò ṣeé tú, ẹ bu omi ásíìdì yìí sínú láílọ́ọ̀nù, kí ẹ ki orí ṣáwà bọ̀ ọ́, kí ẹ fi rọ́bà so ó mọ́ ọrùn rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi króòmù dán, ẹ má jẹ́ kó ju wákàtí kan lọ lẹ́ẹ̀kan.
4. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí ẹ ṣí omi kó ṣàn fún ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó dá asẹ́ padà, kí àwọn èérún má bàa tún dí i.

Híítà àti páìpù omi gbígbóná

Ẹ kọ́kọ́ pa iná híítà níbi tí iná ti ń wọ inú ilé, kì í ṣe ní súwíìṣì ògiri nìkan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ kó tutù pátápátá. Ẹ ti fáàfù omi tó ń wọ inú rẹ̀. Ẹ so rọ́bà gígùn tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá mọ́ ibi tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi gbígbóná kan nínú ilé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí ẹ wá tú gbogbo omi inú rẹ̀ jáde. Ẹ̀rún ẹfun funfun máa bá a jáde. Ẹ ṣí omi tútù wọlé fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ tún tú u, títí omi tó ń jáde á fi mọ́.

Ọ̀pọ̀ híítà kò nílò ju èyí lọ bí ẹ bá ń ṣe é lọ́dọọdún. Bó bá ti pẹ́, tó ń dún gbọ̀ngbọ̀n nígbà tó bá ń gbóná (omi tó há sábẹ́ ẹfun ló ń hó níbẹ̀), irin tó ń mú un gbóná gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ rẹ ẹ́ sínú citric acid nínú garawa, ìsàlẹ̀ irin náà nìkan, kí ibi tí wáyà so mọ́ má kan omi. Ẹ má fi òòlù lù ú. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ wo ọ̀pá tí wọ́n ki sínú híítà kí ìpẹtà lè máa jẹ ẹ́ dípò àgbá omi. Bó bá ti tán kù wáyà àárín rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí híítà ṣì ṣófo.

Híítà tí kò ní àgbá, tó jẹ́ pé omi ń gbóná bó ti ń kọjá, ẹ̀rọ kékeré tó ń fa omi ni wọ́n fi ń yí ásíìdì ká nínú rẹ̀ láti inú garawa fún nǹkan bí wákàtí kan, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ti àwọn fáàfù tó so ó mọ́ ilé. Bí ẹ kò bá rí fáàfù náà, ẹ pe oníṣẹ́.

Páìpù tó ń gbé omi jáde

Ohun méjì ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ níbí. Àkọ́kọ́, ọ̀rá bo ẹfun mọ́lẹ̀, ásíìdì kò sì lè gba inú ọ̀rá kọjá. Èkejì, omi tó dúró nínú páìpù títẹ̀ tó wà lábẹ́ síǹkì, èyí tó ń gba òórùn dúró, máa là ásíìdì yín kó tó kan ohunkóhun. Ẹ mú méjèèjì kúrò lọ́nà ná.

1. Ẹ gbé garawa sábẹ́ páìpù títẹ̀ yẹn, kí ẹ tú u. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ fọ inú rẹ̀. Nígbà púpọ̀, ibí yìí ni iṣẹ́ ti parí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti máa ń jókòó. Bó bá jẹ́ ẹfun ló bo inú rẹ̀, ẹ rẹ páìpù títẹ̀ náà sínú garawa ásíìdì mọ́jú.

2. Ẹ ki wáyà gígùn sínú páìpù tó wọ ògiri lọ. Ẹ máa yí i, ẹ má tì í. Irun àti ọṣẹ á bá a jáde. Bó bá kan ohun tó le tó ń dún kẹ̀kẹ̀, ẹfun nìyẹn; ẹ fi àmì sára wáyà kí ẹ lè mọ bó ti jìnnà tó.

3. Ẹ dá páìpù padà. Ẹ da garawa omi gbígbóná kan (tí ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ lè fara dà) pẹ̀lú ọṣẹ ìfọbọ́ọ̀sì sí i, kí ọ̀rá tó kù lè yọ́ lọ. Ẹ fi omi lásán ṣan án dáadáa lẹ́yìn náà.

4. Ẹ fa omi tó kù nínú páìpù títẹ̀ jáde. Nígbà tí mo bá ń ṣe é, mo máa ń tú u lẹ́ẹ̀kan sí i, mo dà á nù, mo dá a padà ní òfìfo.

5. Ẹ po gíráàmù 100 citric acid mọ́ lítà kọ̀ọ̀kan omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, nǹkan bí 40°C. Ẹ má lo omi híhó: bí citric acid bá nípọn tó sì gbóná jù, calcium tó yọ́ á tún bá a já sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun funfun mìíràn, ẹ ó sì ti fi ìdíwọ́ kan rọ́pò òmíràn.

6. Ẹ dà á sí i díẹ̀díẹ̀, bíi ìdajì lítà, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún dà á. Bí ẹ bá da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò sáré kọjá lọ ni. Ẹfun ń fẹ́ kí ásíìdì jókòó tì í. Páìpù tó nà gbalaja máa ń gbà á dúró, nítorí ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí omi ń gbà, náà ni ẹfun máa ń jókòó sí. Èyí tó dúró ṣánṣán kò lè gbà á dúró. Ti oníṣẹ́ ni.

7. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin tàbí kó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni má lo síǹkì náà. Ẹ kọ ìwé lé e lórí pé ásíìdì wà níbẹ̀, kí ọmọdé tàbí àlejò má lọ fi blíìṣì fọ ojú rẹ̀.

8. Ẹ tún ki wáyà sí i. Ẹfun tó kù á ti rọ̀, á sì máa já. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí omi púpọ̀ sí i.

Páìpù tó ti ń dí fún ọdún mẹ́wàá lè gbà tó ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ fi ọjọ́ kan tàbí méjì sáàárín.

Bí ilé yín bá ń lo àgbá ìdọ̀tí tó wà nínú ilẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ásíìdì púpọ̀ dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń jẹ ìdọ̀tí níbẹ̀ máa kú. Èyí tó kù nínú garawa, ẹ máa bu baking soda sí i díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní hó mọ́, kí ẹ tó dà á nù. Garawa náà kò gbọ́dọ̀ kún, nítorí ó máa ń ru sókè.

Àwo ìgbọ̀nsẹ̀

Ẹfun tó wà níbí yàtọ̀ díẹ̀. Ìtọ̀ tó bá pẹ́ nínú omi máa ń yí padà di ohun tó ní ammonia nínú, ìyẹn sì ń mú kí calcium àti phosphate já sílẹ̀ pọ̀. Ó máa ń ní àwọ̀ ìyeyè tàbí ilẹ̀, ó sì ń rùn. Ásíìdì ṣì ń ṣiṣẹ́ fún un.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ti omi inú àwo náà kọjá kí ó lọ sílẹ̀, kí ẹ bu èyí tó kù jáde. Ẹ da omi ásíìdì tó ní gíráàmù 100 nínú lítà kan sí i títí yóò fi bo ìlà ẹfun náà mọ́lẹ̀. Fún abẹ́ etí àwo, níbi tí ásíìdì kì í dúró, ẹ rẹ bébà ìnùdí sínú rẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ bíi ẹni lẹ oògùn mọ́ ojú egbò. Ní òwúrọ̀, ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí irin ha àwo náà. Ibi tó bá ti ha ni ẹfun tuntun máa kọ́kọ́ dì mọ́.

Ohun tí n kò gbà pé ẹ ná owó lé

Pípo fínígà mọ́ baking soda. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ́, ó sì ń hó lójú, ó ń wu ni. Ṣùgbọ́n ara wọn ni wọ́n ń pa. Ìhó yẹn ni ásíìdì yín tó ń bá sódà jà dípò kó bá ẹfun jà. Ohun tó kù kò ju omi oníyọ̀ lọ. Ẹ da fínígà nìkan.

Òòfà tí wọ́n ń so mọ́ ara páìpù pé ó máa ń lé ẹfun náà wà ńbẹ̀. N kò tíì rí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé bí wọ́n ṣe ń polówó rẹ̀.

Ìgbà tí ọwọ́ yín kò ká a

Ẹ pe oníṣẹ́ bí síǹkì méjì tàbí mẹ́ta bá dí pọ̀, tàbí bí omi síǹkì bá ń gba ilé ìgbọ̀nsẹ̀ padà wá: páìpù ńlá tó gba ìsàlẹ̀ ilé ló dí. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń fi omi alágbára gé ẹfun, wọ́n sì ní ẹ̀wọ̀n tó ń yí bírí nínú páìpù. Ẹ ní kí wọ́n ki kámẹ́rà sí i ṣáájú kí wọ́n sì tún kì í sí i lẹ́yìn iṣẹ́, kí ẹ fojú ara yín rí i. Páìpù irin àtijọ́ tí ìpẹtà ti jẹ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lo ẹ̀wọ̀n fún un. Pípààrọ̀ ló tọ́ sí i. Ẹfun nìkan ló ṣì ń dí àwọn ihò ara rẹ̀, bó bá jáde, omi á máa jò.

Kó má bàa tètè padà

Ẹ gbé ooru híítà sí nǹkan bí 60°C. Ó kọjá ìyẹn, ẹfun á máa já kíákíá. Bó bá sì lọ sílẹ̀ dé 50°C tàbí tó tún rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, Legionella, kòkòrò tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, lè máa gbèrú nínú àgbá. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ẹnu ẹ̀rọ àti ṣáwà lẹ́yìn lílò. Omi tí kò gbẹ síbẹ̀ kò lè fi òkúta sílẹ̀.

Ẹni tí omi rẹ̀ le gan-an lè ra ẹ̀rọ tó ń rọ omi. Hóró ike kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, tó ń gba calcium sílẹ̀ tó sì ń fi sodium dípò rẹ̀. Iyọ̀ ni wọ́n fi ń sọ ọ́ dọ̀tun. Bí dókítà bá ti ní kí ẹnì kan nínú ilé dín iyọ̀ kù, ẹ fi ẹnu ẹ̀rọ kan sílẹ̀ tí omi rẹ̀ kò ní gba inú ẹ̀rọ náà kọjá, fún mímu. Ọgbọ́n rírọ omi ti pẹ́: ní ọdún 1841 ni Thomas Clark, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Scotland, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tirẹ̀, tó jẹ́ pé ẹfun jíjó ni wọ́n ń pò mọ́ omi láti fi lé ẹfun inú rẹ̀ jáde. Títí di òní, àwọn ilé iṣẹ́ omi ńlá ṣì ń lo irú ọ̀nà yẹn.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ gbé garawa lítà mẹ́wàá sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi gbígbóná, ẹ ṣí i tán, kí ẹ ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi kún. Ẹ kọ iye náà àti ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ híítà. Ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bí ohun tó ń gba 40 ìṣẹ́jú àáyá bá ti ń gba 50, ẹ tún ásíìdì pò.